Rímúfà tí wọ́n tà fún mi ní Tákíé, àti pọ́líìṣì tí mo padà lọ rà

Bí kì í bá ṣe ti àárọ̀ Sátidé yẹn, mi ò ní kọ èyí rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún mi kí wọ́n tó kúrò nílùú. Alumíníọ̀mù ni férémù rẹ̀, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń ṣí pélébé-pélébé. Mo fẹ́ bó o kanlẹ̀, kí n má kun òmíràn, kí ara alumíníọ̀mù náà fúnra rẹ̀ máa dán.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà mọ́tò nítòsí Tákíé, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ iṣẹ́ kan ló dá mi lóhùn. Mo ní mo fẹ́ rímúfà tó ń bó ọ̀dà lára kẹ̀kẹ́. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó wọlé, ó gbé ike kan jáde tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí lágbára ju ti inú agolo lọ, ẹ máa gbádùn ẹ̀." ₦3,500. Mo sanwó.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sí ìsàlẹ̀ férémù, níbi tí pẹ́dà ń gbà kọjá. Ọ̀dà náà wú, ó ń re, inú mi dùn. Nígbà tó kan ara alumíníọ̀mù gan-an, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó ṣìì, ìfófòó funfun ń yọ bíi ti ọṣẹ, ọ̀pá náà sì gbóná débi pé mo mọ̀ ọ́n lára láti inú ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Mo sáré da omi sí i, garawa mẹ́ta. Nígbà tó rọlẹ̀, ibi tí mo fẹ́ kó máa dán ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fi ìka ra á, dúdú náà bá ìka mi lọ. Ìyàwó mi ń yan àgbàdo lórí ẹ̀ẹ́dú, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí mi.

Kọ́sítíìkì ló wà nínú ike náà, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò. Ó lè bó ọ̀dà lára irin kí irin má mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń jẹ alumíníọ̀mù, háídrójìn sì ni gáàsì tó ń jáde nínú híhó yẹn. Kíá ló ń gbaná. Mo gbé férémù náà lé èjìká, mo gun ọ̀kadà padà sí Tákíé.

Ọmọ iṣẹ́ náà ní bóyá mi ò mọ̀ ọ́n lò ni. Gbólóhùn yẹn dùn mí ju owó lọ. Mo ti ń pariwo nígbà tí Màmá tó ni ṣọ́ọ̀bù jáde láti ẹ̀yìn. Wọn ò kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n fa dúrọ́ọ̀, wọ́n mú màgínẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n yọ lẹ́yìn sípíkà rédíò, wọ́n fi kan férémù. Kò lẹ̀. Wọ́n fi kan ilẹ̀kùn irin, ó lẹ̀ mọ́ ọn gbàmù. Wọ́n yíjú sí ọmọ náà: "Ṣé o bi bọ̀ọ̀dá yìí pé irin wo ni?" Ó dákẹ́. Wọ́n wá bi mí pé, "Ẹ má bínú, bàbá mi. Iná ò sí nítòsí nígbà tó ń hó?" Mo sọ ti àgbàdo. Wọ́n káwọ́ lérí. Wọ́n dá owó mi padà, kò dín kọ́bọ̀.

Wọ́n wá mú rímúfà inú agolo, èyí tó ki bí ògì, wọ́n ní tí mo bá pa á tán kí n fi náílọ́ọ̀nù wé e kó má tètè gbẹ. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi kànrìnkàn onírin kàn án, torí egúnrín rẹ̀ á há sára alumíníọ̀mù, á sì máa dípẹtà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n wá fi sáńpépà nọ́ńbà 400 há a, lẹ́yìn náà 800, lẹ́yìn náà 1200 tó kúnná jù, pẹ̀lú omi. Lẹ́yìn ìyẹn ni pọ́líìṣì.

Pọ́líìṣì yẹn! Ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi ṣe é, síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ni mo fi ń ra á. Dúdú ló kọ́kọ́ ń jáde, àfi bíi pé mò ń bà á jẹ́. Mo wá fi aṣọ mímọ́ nù ún, mo sì rí okùn aṣọ ẹ̀yìnkùlé wa nínú ọ̀pá òkè, àti aṣọ tó wà lórí rẹ̀. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.

Agolo kan ò tó férémù kan, owó rẹ̀ sì wọ́n. Rímúfà náà kò dé oríkèé tí wọ́n ti jó ọ̀pá pọ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi há a, òórùn rẹ̀ sì wà lára mi di ọjọ́ kejì. Ibi tí kọ́sítíìkì jẹ ní ihò wínníwínní. Mi ò lè fi sáńpépà há wọn tán, torí ọ̀pá náà kò nípọn. Mo máa ń fọwọ́ kàn wọ́n tí mo bá ń nù ún.

Mo fún ṣọ́ọ̀bù náà ní 2 nínú 5. Pọ́líìṣì náà dára, Màmá sì dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo lọ ra agolo kejì, ọmọ náà ló ṣì dúró nídìí káńtà, ike méjì tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì sì wà lẹ́yìn rẹ̀.