Ọta rírà àti ọta àtúnkì: èwo ló dín owó kù fún ẹni tó ń yìnbọn sí àmì?

Bí àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé ní Texas bá ti gbọ́ pé mo máa ń lọ yìnbọn sí àmì ní ọjọ́ Sátidé, ìbéèrè kan ni wọ́n sábà máa ń bi mí: ṣé kí àwọn náà ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún ọta kì? Wọ́n ti gbọ́ pé ó ń dín ìnáwó kù. Ó lè dín in kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kù sí irú ìbọn tí ẹ ń yìn àti iye ọta tí ẹ ń ná lóṣù. Èmi ò ṣírò kí n tó ra tèmi, ó sì dùn mí. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò tiyín.

Nǹkan mẹ́rin ló wà lára ọta kan: ìkarahun idẹ, primer tó ń ṣáná nídìí rẹ̀, ẹ̀tù, àti orí ọta, ìyẹn òjé tí wọ́n sábà máa ń fi bàbà bò. Tí ẹ bá yìn ín tán, idẹ nìkan ló ṣẹ́kù. Ẹni tó ń ṣe àtúnkì á ṣa idẹ yẹn, á fọ̀ ọ́, á fi primer, ẹ̀tù àti orí tuntun sí i. Àwọn bàbá wa ọdẹ tó ń lo ṣakabùlà náà ń wọn ẹ̀tù fúnra wọn kí wọ́n tó kì í gba ẹnu ìbọn, nítorí náà iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ti ibí yìí ni kò gba ìfojúdá rárá.

Àwọn iye tí mo fẹ́ lò yìí jẹ́ iye tí mò ń bá pàdé lọ́jà, wọ́n sì máa ń lọ sókè sódò. Ẹ fi ti àdúgbò yín rọ́pò wọn.

Ìbọn afẹ́fẹ́ ló rọrùn jù lápò. Agolo òjé kéékèèké 500 jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 12, ìyẹn kò pé sẹ́ǹtì mẹ́ta fún ẹyọ kan. Ẹ lè rí ìbọn tó dáa fún ìbẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi dọ́là 200, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí Òlíńpíìkì ju 2,000 lọ. Mítà 10 ni wọ́n ti ń yìn ín níbi ìdíje, ojú máàkì mẹ́wàá lára àmì náà kò sì ju ìdajì milimítà lọ. Ẹni tó bá pè é ní eré ọmọdé, kó lọ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni .22 LR, ọta kékeré tó ti wà láti 1887. Ó ń lọ ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì mẹ́jọ. 200 lóṣù jẹ́ dọ́là 16. Etí ìdí idẹ ni ohun tó ń ṣáná wà, ìbọn á sì tẹ etí náà fọ́ nígbà tó bá dún, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tún un kì. Ẹni tó bá ń yìn .22 nìkan kò nílò ẹ̀rọ kankan. Olùbẹ̀rẹ̀ tó bá bi mí, ibí yìí ni mo máa ń ní kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ìṣirò ti wà gan-an

Ọta 9mm ti ìbọn ìléwọ́ ni ọ̀pọ̀ ń yìn. Rírà, nǹkan bíi sẹ́ǹtì 25. Àtúnkì ńkọ́? Primer sẹ́ǹtì 7, orí ọta 10. Páùn ẹ̀tù kan jẹ́ grain 7,000 (grain ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù); tí ọta kan bá ń gba nǹkan bíi grain márùn-ún, páùn kan á ṣe ọta 1,400. Tí páùn náà bá jẹ́ dọ́là 40, ẹ̀tù ọta kan ò ju sẹ́ǹtì mẹ́ta lọ. Idẹ, ilẹ̀ ni ẹ ti ṣà á. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 20. Èrè yín lórí ọta kan jẹ́ sẹ́ǹtì márùn-ún. Tí ẹ bá ti ná dọ́là 400 sórí ẹ̀rọ àti àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, ó di ìgbà tí ẹ bá yin ọta 8,000 kí owó yẹn tó padà. Ẹni tó ń yin 200 lóṣù á lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin. Èmi ò ní rà á nítorí sẹ́ǹtì márùn-ún.

Ẹ wá wo 6.5 Creedmoor, ọta ìbọn gígùn tí wọ́n fi ń yin àmì ọ̀nà jíjìn. Èyí tó dáa fún ìdíje lè tó dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 60 ní ìsọ̀. Tí ẹ bá kì í fúnra yín: primer 8, orí tó dáa 45, ẹ̀tù bíi grain 40 láti inú páùn olówó dọ́là 50 jẹ́ 29, idẹ olówó dọ́là kan tí ẹ lò nígbà mẹ́wàá jẹ́ 10. Sẹ́ǹtì 92. Sẹ́ǹtì 68 ló kù sápò yín lórí ọta kan! Irinṣẹ́ dọ́là 600 á ti san ara rẹ̀ padà kí ẹ tó yin 900 tán. Yàtọ̀ sí owó, ẹ lè wá ìwọ̀n tí ìbọn yín gan-an fẹ́ràn, ìyẹn sì máa ń mú kí àwọn ihò ara àmì sún mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ primer tún wà níbẹ̀. Ní 2020 àti 2021, ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn pẹpẹ ìsọ̀ fi ṣófo. Ẹ̀rọ mi wà lábẹ́ aṣọ fún oṣù pípẹ́, kò sì sí ohun tí mo lè fi í ṣe.

Ẹ̀rọ wo?

Oríṣi méjì ni mo máa fi wéra. Àkọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, irú èyí tí Lee àti RCBS ń tà. Ti Lee ló sábà máa ń dínwó jù. Ọta 50 sí 100 ni ẹ lè rí láàárín wákàtí kan. Oríṣi kejì, irú ti Dillon, ń ṣe gbogbo ìpele pọ̀, ó sì lè mú 400 jáde ní wákàtí kan, àmọ́ owó rẹ̀ lágbára.

Oríṣi kejì yìí ni mo kọ́kọ́ rà, ìkánjú sì kó bá mi. Mo ń fa ọwọ́ rẹ̀ wìtìwìtì lálẹ́ ọjọ́ kan, idẹ kan kọjá láìgba ẹ̀tù, mi ò sì rí i. Ní pápá, dípò kí ìbọn dún gbàmù, ohun tí mo gbọ́ ni “pó”. Olùtọ́jú pápá pariwo pé kí n dúró. Orí ọta ti há sínú ojú ìbọn. Ká ní mo yin èyí tó tẹ̀ lé e ni, ìbọn náà lè bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, pákó oníhò 50 ni mò ń to idẹ sí. Màá mú tọ́ọ̀ṣì, màá sì tàn án sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n rí i pé ẹ̀tù gbogbo wọn dọ́gba kí n tó fi orí dé wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríṣi àkọ́kọ́, bí owó bá tilẹ̀ wà.

Ẹ fi òṣùwọ̀n, ìwé ìtọ́nisọ́nà ìwọ̀n ẹ̀tù, ohun ìbotí, awò ojú àti owó ìwọlé pápá kún ìṣirò yín. Pápá mìíràn kì í jẹ́ kí èèyàn ṣa idẹ lọ, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fọkàn sí i. Òjé ń pa ọmọdé lára: ẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì gbé aṣọ pápá wọ yàrá ọmọ.

Ní ti òfin, ní Amẹ́ríkà, ẹ kò nílò ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ láti kì ọta fún ìlò ara yín, ṣùgbọ́n ẹ nílò rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ máa tà á. Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn. Ẹni tó wà lórí físà ọmọ ilé-ìwé tàbí ti àbẹ̀wò kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, kódà kó jẹ́ èyí tó yá ní pápá, àfi tó bá wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìdọdẹ. Ní Ìlú Ọba, láti 1997 ni wọ́n ti fòfin gba ìbọn ìléwọ́ irú 9mm lọ́wọ́ aráàlú, nítorí náà ìbọn afẹ́fẹ́ tàbí ẹgbẹ́ tó ń yin .22 ni kí ẹ wá. Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ìbọn ibẹ̀ láti 1959 kò fàyè gba pé kí èèyàn máa ṣe ọta nílé. Ẹ má fi ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nílé.