Bash, zsh tàbí fish: èwo ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Unix mú?

Shell ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìyẹn ètò tó ń gba àṣẹ tí ẹ bá tẹ̀, tó sì ń mú kí kọ̀ǹpútà ṣe é. Bash ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Òun kọ́ ló rẹwà jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n láti 1989 tí Brian Fox ti kọ ọ́ fún GNU, iṣẹ́ àkànṣe sọ́fítíwia ọ̀fẹ́, ló ti gbilẹ̀. Sáfà Linux (kọ̀ǹpútà tí a ń lò láti ọ̀nà jíjìn) tí ẹ bá wọ̀, àfàìmọ̀ kí ẹ má bá a níbẹ̀. Òun náà ni ọ̀pọ̀ àlàyé tí ẹ máa kà fi ń ṣe àpẹẹrẹ.

Ohun tó ń da olùbẹ̀rẹ̀ láàmú jù nínú bash ni àlàfo tó bá wà nínú orúkọ fáìlì. Ká ní ẹ kọ `f="iwe mi.txt"`, tí ẹ wá tẹ `rm $f` (rm ni àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́): bash á gé orúkọ náà sí méjì, á máa wá `iwe` àti `mi.txt`. Bí fáìlì kan bá wà lóòótọ́ tó ń jẹ́ `iwe`, ó ti lọ nìyẹn, torí rm kì í kó nǹkan pa mọ́ síbì kankan. `rm "$f"` ni kí ẹ máa kọ. Ẹ jẹ́ kí àmì àyọlò yẹn mọ́ yín lọ́wọ́ láti ọjọ́ kìíní.

Ẹni tó ń lo Mac kò nílò wàhálà kankan: zsh ni Apple fi síbẹ̀ láti macOS Catalina, 2019, bash tó kù níbẹ̀ sì jẹ́ 3.2, ó ti gbó. Zsh kì í gé orúkọ bíi ti bash, ìyẹn dára púpọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá lẹ àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tó ní `?` nínú mọ́ curl (àṣẹ tó ń gba nǹkan wá láti íntánẹ́ẹ̀tì), á ní "no matches found", nítorí ó rò pé fáìlì lẹ ń wá. Ẹ fi àmì àyọlò ká àdírẹ́sì náà, ó parí.

Fish (2005) ló dùn-ún lò jù, mi ò jiyàn. Láìtún nǹkan kan ṣe, àṣẹ tí kò sí á pọ́n bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, èyí tí ẹ ti lò rí á sì yọ ní àwọ̀ eérú. Ọfà ọ̀tún lẹ máa tẹ̀ láti gbà á. Ibi tó kù sí ni pé èdè tirẹ̀ yàtọ̀. `x=5` kò ṣiṣẹ́, `set x 5` ni; `for` tó ní `do` àti `done` kò ṣiṣẹ́, `end` ni wọ́n fi ń parí tirẹ̀. Ẹ máa fi fish tẹ àṣẹ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n script (fáìlì tí a to àṣẹ sí), ẹ fi bash kọ ọ́, kí `#!/bin/bash` wà ní ìlà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá kọ `#!/bin/sh` lórí Debian tàbí Ubuntu, dash, shell mìíràn tó kéré, ló máa ṣe é, kò sì mọ `[[` tí bash fi ń yẹ nǹkan wò.

Ẹ má tíì sáré lo chsh, àṣẹ tó ń pààrọ̀ shell tí ẹ fi ń wọlé. Ẹ kàn tẹ `fish` nínú bash, ẹ lò ó dáadáa, kí ẹ tẹ `exit` tó bá sú yín. Bó bá wù yín títí, `command -v fish` á sọ ibi tó wà. Ẹ rí i pé ọ̀nà náà wà nínú `/etc/shells`, kí ẹ tó lo `chsh -s` pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má ti fèrèsé tó ṣí títí ẹ ó fi wọlé láti ibòmíràn, torí ọ̀nà tí kò tọ̀nà lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín síta. Ti root (aṣàmúlò tó ní gbogbo àṣẹ), ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Láti kọ nǹkan sínú fáìlì, nano, ètò ìkọ̀wé kékeré, tó: Ctrl+O àti Enter láti fi pamọ́, Ctrl+X láti jáde. Bí git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà fáìlì) bá ṣí vi, ètò ìkọ̀wé mìíràn, fún yín lójijì, Esc, lẹ́yìn náà `:q!` àti Enter. Less ni kí ẹ fi ka fáìlì gígùn. `/` fún wíwá, `q` fún jíjáde. Ṣùgbọ́n tmux, ètò tó ń mú kí iṣẹ́ máa lọ lórí sáfà, ni mo máa ń rọ àwọn olùbẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n tètè fi síbẹ̀ bí sáfà bá jìnnà: bí nẹ́tíwọ̀kì bá já, iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ kò ní dúró. Ctrl+b, lẹ́yìn náà `d`, láti jáde. Ẹ tẹ `tmux attach` láti padà síbẹ̀.