Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ rán aṣọ ogun àtijọ́ l'Abẹ́òkúta: ẹ má sanwó tán kí aṣọ tó délé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tẹ́ ẹ máa ń ṣe eré ogun Dàhòmì (eré tó ń rántí bí ìlú ọba Dàhòmì, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ṣe gbógun ti Abẹ́òkúta), ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ de ọdún Lísàbí, ẹ̀yin ẹbí tẹ́ ẹ fẹ́ jáde pẹ̀lú aṣọ olórógun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà nílùú yìí tó ń gba iṣẹ́ aṣọ ogun, aṣọ ọdẹ àti aṣọ sójà ayé òyìnbó. Àwòrán tó máa ń gbé sórí WhatsApp rẹwà, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó ti gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tiwa, ó gba lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan ní Ìbarà, ó gba lọ́wọ́ ilé ìwé kan lọ́nà Ọbántokò. Aṣọ tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo owó yìí kò tó nǹkan, èyí tó sì jáde ò ṣeé wọ̀.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé iwájú àwọn àgbà ẹgbẹ́ télọ̀, wọ́n sì bẹ̀ wá pé ká má tíì pariwo orúkọ. Mo gbà fún wọn. Ṣùgbọ́n wọn ò ní ká má sọ ìṣe rẹ̀, ẹni tó bá sì ti bá a ṣòwò rí á ti mọ̀ ọ́n kó tó kà dé ìdajì.

Bó ṣe ń ṣe é rèé. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á fà gbérí kan, ìyẹn ẹ̀wù ọdẹ, yọ látinú lailọ́ọ̀nù. Kíjìpá, aṣọ òwú híhun tó nípọn, ni wọ́n fi rán an, ọwọ́ ni wọ́n fi gán etí rẹ̀ yíká, owó ẹyọ tó wà láyà rẹ̀ sì jókòó ṣinṣin, òwú kọjá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ ó gbé e, ẹ ó rí i pé ó wúwo lọ́wọ́ bó ṣe yẹ kó wúwo. Aṣọ gidi ni, irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Àmọ́ òun kọ́ ló rán an. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló rán an, bàbá náà ò sì jókòó sídìí máṣíìnì mọ́ látìgbà tí ojú ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ọmọ iṣẹ́ kan tó ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ló là á yé mi. Gbérí kan ṣoṣo yìí ló ti fi gba owó lọ́wọ́ gbogbo wa.

Lẹ́yìn náà, á ní kẹ́ ẹ sanwó tán lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé owó aṣọ ti ń gbéra lọ́jà. Tẹ́ ẹ bá ní ìdajì lẹ máa san, á gba ìdajì náà pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò ní pẹ́ tí á fi pè yín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, owó aláró ló kù, wọ́n ti rẹ gbogbo ẹ̀ tán, wọn ò kàn fẹ́ gbé e sílẹ̀ ni." Ẹni tó bá rò ó pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó di dandan kó wá owó náà. Akáǹtì tó máa fi ránṣẹ́ sí yín, orúkọ tó wà lórí ẹ̀ kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Á ní ti ìyàwó òun ni.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yìí náà ńkọ́? Nígbà tí àsìkò aṣọ wa pé, iná ò sí. Nígbà tí iná dé, máṣíìnì bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n tún máṣíìnì ṣe, ìyàwó bímọ. A kí i kú oríire, a tilẹ̀ fi owó ọṣẹ ránṣẹ́. Àfìgbà tí èmi àti ẹni tó ń mójú tó aṣọ fún àwọn ará Ìbarà jókòó tí a wo àwọn mẹ́sèèjì tó fi ránṣẹ́ sí wa la rí i pé ìyàwó tó bímọ fún àwa lóṣù kan ti tún bímọ fún àwọn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ọlọ́run á bá wọn wò wọ́n.

Mi ò pè é ní gbájúẹ̀, nítorí gbájúẹ̀ á gba owó, á sì pa fóònù. Ọkùnrin yìí kì í sá. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀, á fún yín ní omi mu. Ohun tó ń ṣe ni pé owó yín ló fi ń ra aṣọ ẹni tó ti sanwó ṣáájú yín tí kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Owó ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ló máa fi ra tiyín. Bí ẹni tuntun ò bá dé, iṣẹ́ yín dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tára rẹ̀ fi máa ń yá bí ọdún Lísàbí bá ti ń sún mọ́lé, nítorí ìgbà náà làwọn tuntun ń wọlé. Ẹni tó bá gbéṣẹ́ fún un nígbà náà, tẹ́ni ẹlẹ́ni ló ń ran. Bí ọdún bá sì ti kọjá, àwọn tuntun ò sí mọ́, ẹni tí aṣọ rẹ̀ ò bá tíì jáde títí dìgbà náà, kó máa wo ojú Olúwa.

Èyí tó tiẹ̀ wá gbé dé nínú báàgì Ghana-must-go ńkọ́? A tú u sílẹ̀ nínú ọgbà tí a ti máa ń ṣe ìdánrawò. Àwọn gbérí tó yẹ kó jẹ́ kíjìpá, pólísítà ni, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ àwọ̀ aró sí lójú kan, inú rẹ̀ funfun báláú. Síìpù wà lẹ́yìn wọn. Owó ẹyọ ara wọn, oníke ni, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ìdajì sì ti jábọ́ sí ìsàlẹ̀ báàgì kó tó dọ́dọ̀ wa. Ti àwọn obìnrin tó ń ṣe sójà Dàhòmì ló pa wá lẹ́rìn-ín tìbínú-tìbínú. Àwọn òyìnbó tó dé Dàhòmì láyé ọba Ghezo kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ ìlà aláró àti funfun tí kò lápá làwọn jagunjagun obìnrin náà ń wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò kúkúrú àti fìlà funfun. A ṣàlàyé, a yàwòrán fún un. Ṣíìtì bẹ́ẹ̀dì ló gé rán. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé lébẹ́ẹ̀lì tó ń sọ iye ìwọ̀n bẹ́ẹ̀dì ṣì wà létí ọ̀kan nínú wọn.

Ẹnìkan lè ní kí ló kàn wá, eré sáà ni. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí. Ọjọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 1851 ni ogun Dàhòmì dojú kọ odi Abẹ́òkúta lápá bodè Aro. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà ni Singer ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Kò sí Ẹ̀gbá tó gun orí odi lọ́jọ́ náà tí máṣíìnì rán aṣọ rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti síìpù, tí kò dé ìrísí tí a mọ̀ lónìí títí di àkókò ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ọdún 1941 ni wọ́n ṣe òwú pólísítà jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ò ní kẹ́ ẹ fọwọ́ rán gbogbo ẹ̀ o, ta ló lówó ẹ̀? Kí máṣíìnì ran inú, kí ọwọ́ gán etí àti ọrùn tí èrò ń rí, ó ti tó mi. Ṣùgbọ́n síìpù lẹ́yìn gbérí, tí àwọn àgbà Ẹ̀gbá sì jókòó sábẹ́ kánópì tí wọ́n ń wò wá, ìtìjú ni.

Ìtìjú ṣì kéré sí ewu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yìnbọn ṣakabùlà níbi eré, ẹ ṣàkíyèsí ibí yìí dáadáa. Ẹ̀tù máa ń bú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, iná wẹ́wẹ́ rẹ̀ sì máa ń ta ká. Bó bá bà lé òwú, á jó o díẹ̀, ẹ ó fọwọ́ pa á. Bó bá bà lé pólísítà, aṣọ á yọ́, ohun tó yọ́ náà á sì lẹ̀ mọ́ awọ ara. Nígbà ìdánrawò wa, irú iná wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀ kan bà lé apá gbérí ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan. Kíákíá ni ihò yọ níbẹ̀, ó fẹ̀ tó náírà wẹ́wẹ́ ayé ijọ́sí, etí ihò náà le gbagidi bí ike. Ẹ̀wù òwú tó wọ̀ sábẹ́ ló kó o yọ. Látọjọ́ náà ni mo ti ní mi ò ní dákẹ́.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó san owó kankan, ẹ fa òwú díẹ̀ nínú aṣọ tó ní òun máa lò, ẹ ṣáná sí i lójú rẹ̀. Òwú gidi á jó bíi pépà, á rùn bíi pépà, eérú rẹ̀ á fọ́ lọ́wọ́ yín. Pólísítà á sún kì, èéfín dúdú á yọ, á wá di kóró líle lórí. Télọ̀ tó mọ̀ pé òwú lòun fẹ́ lò ò ní bínú sí èyí. Ọkùnrin tí mò ń wí yìí bínú sí i, ó ní a ò fọkàn tán òun.

Ti ilé ìwé ọ̀nà Ọbántokò, ìyẹn fẹ́ di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ogun Àdúbí ọdún 1918 ni wọ́n fẹ́ fi ṣeré, nígbà tí àwọn ará oko àti ìletò Ẹ̀gbá dìde nítorí owó orí àti iṣẹ́ àfipáṣe, tí wọ́n hú irin rélùwéè, tí wọ́n sì gé wáyà tẹligíráàmù, tí ìjọba kó sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé lù wọ́n. Kákí ni wọ́n ní kó rán. Aṣọ mégáàdì ló fi rán púpọ̀ nínú ẹ̀, nígbà tí ìyẹn sì tán, ó fi aṣọ kámò tí àwọn sójà òde òní ń wọ̀ rán èyí tó kù. Kò sí kámò lára sójà kankan níbí lọ́dún 1918. Èyí tó burú jù ni pé òfin ilẹ̀ wa ò fàyè gba ẹni tí kì í ṣe sójà láti máa wọ aṣọ sójà kiri ìgboro, sójà tó bá sì rí ọmọ yín nínú ẹ̀ ní Láfẹ́nwá ò ní kọ́kọ́ bèèrè bóyá eré ni. Olùkọ́ náà kó gbogbo ẹ̀ sínú àpótí, wọ́n wá fi yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ṣeré.

Ọ̀nà tó dáa jù tí mo mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ ya owó aṣọ sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ ra aṣọ. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n máa rẹ láró, ẹ lọ bá àwọn aláró ní Ìtòkú, kẹ́ ẹ sọ bóyá aró ẹlú lẹ fẹ́ tàbí aró kẹ́míkà, nítorí owó wọn ò dọ́gba, àwọ̀ wọn náà ò sì jọra bó bá ti fọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ híhun lẹ fẹ́, Ìsẹ́yìn ò jìnnà jù. Ẹ gbé aṣọ náà fún télọ̀, owó iṣẹ́ nìkan lẹ ó jọ nájà. Bó bá wá jẹ yín lówó, owó iṣẹ́ ló jẹ, ẹ ṣì lè gba aṣọ yín kúrò níbẹ̀ lọ fún ẹlòmíì.

Kó sì rán ẹyọ kan ṣoṣo ṣáájú. Ẹ san owó ẹyọ kan yẹn, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ sáré nínú ẹ̀, ẹ gbé ìbọn sókè nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá abíyá máa ya. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀ èyí tó kù. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé: irú aṣọ, iye, ọjọ́ tó máa jáde, kó buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí. Bó bá fi fọ́tò ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ń lọ, ẹ ní kó kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín sí pépà, kó gbé e lé aṣọ náà, kó tún un yà. Ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò tó fi ń dá wa lọ́kàn le, aránṣọ kan l'Ọ̀ṣogbo ló ni ín.

Àwọn tó ń ṣe é dáadáa wà o, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ba orúkọ gbogbo wọn jẹ́. Màmá kan wà lápá Kémta tó sọ fún wa lójú wa pé aṣọ mẹ́wàá lagbára òun mọ lọ́dún yìí, kí a wá ẹlòmíì fún èyí tó kù. Inú bí mi díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Aṣọ mẹ́wàá náà pé, kò sí èyí tí a dá padà. Tẹ́ ẹ bá rí télọ̀ tó lè sọ fún yín pé òun ò lè ṣe é, ẹ dì í mú.

Ẹ̀yin tí owó yín ṣì wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, ẹ má kó ọmọ ìta lọ fọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọ̀rọ̀ á kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí yín. Òfin FCCPA ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé ọjà tí wọ́n fi àpẹẹrẹ tà gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ náà mu, àjọ FCCPC tó ń mú òfin náà ṣẹ sì ń gba ẹ̀sùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn àgbà. Wọ́n ti fún un ní gbèdéke, wọ́n sì fẹ́ mọ iye gbogbo owó tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ wá rìsíìtì yín, tàbí mẹ́sèèjì báńkì tó fi hàn pé ẹ sanwó, ẹ ya fọ́tò aṣọ tó fún yín tìtìtì, kí síìpù àti lébẹ́ẹ̀lì hàn kedere, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe ní gbangba níbí. Ẹni tí ò bá ní rìsíìtì rárá, ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó àti orúkọ tó wà lórí akáǹtì náà. Ó jọ pé ìyàwó ju ẹyọ kan lọ.