Clexane 40 mg fún aláboyún: ibi tó dára sí, ibi tó ti ń fúnni níṣòro

Síríǹjì tí wọ́n ti rọ oògùn sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni Clexane. Enoxaparin 40 mg, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló wà nínú rẹ̀, 0.4 ml. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí i lẹ́sẹ̀ tàbí ní ẹ̀dọ̀fóró rí, tàbí tí oyún ń bàjẹ́ mọ́ lára léraléra nítorí àìsàn antiphospholipid (tí ara ń gbógun ti ara rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń tètè dì), ni dókítà sábà máa ń kọ ọ́ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún. Bó bá jẹ́ ti antiphospholipid, aspirin kékeré máa ń bá a rìn. A gba ti Clexane ju ti warfarin lọ, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí Clexane kì í gba ara ibi ọmọ kọjá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Warfarin ń kọjá ní tiẹ̀, ó sì lè ba egungun àti imú ọmọ jẹ́, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ín-rín, aláboyún lè fún ara rẹ̀ nílé. Ẹ fi ìka méjì ká awọ ẹ̀gbẹ́ ikùn jọ, kó jìnnà sí ìdodo tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ẹ gún un lóòró títí abẹ́rẹ́ yóò fi wọlé tán, ẹ rọra tì í, ẹ má sì tú awọ náà sílẹ̀ kí oògùn tó tán. Ọ̀tún lónìí, òsì lọ́la. Afẹ́fẹ́ kékeré tó wà nínú síríǹjì 40 mg, ẹ má lé e jáde: bí ẹ bá lé e, oògùn lè bá a dànù. Ẹ má fọwọ́ ra ojú ibẹ̀, kó má baà dúdú. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gún un sí ìdí, ẹ má gbà fún un.

Àbùkù kan tó ń bí wa nínú ni pé síríǹjì 20 mg àti 40 mg kò ní ìlà ìwọ̀n. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn ìdènà yìí: 50 sí 90 kg ń gba 40 mg lójúmọ́, ẹni tí kò tó 50 kg ń gba 20 mg. Ẹni tó bá fi ojú pín 40 sí méjì kò mọ iye tó wọ òun lára.

Ooru tún wà ńbẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá 25°C, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, ilé Ìlọrin mélòó ló tutù tó bẹ́ẹ̀? Ẹ ra ti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní kẹ́míìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ sì hàn lára páálí.

Ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ oògùn yìí, ó sì yẹ kí wọ́n sọ fún aláìsàn nílùú àwọn àfáà kí ó tó sanwó. Al-Kùránì (2:173) fàyè gba ẹni tí ìnira bá mú, ọ̀pọ̀ àfáà sì gbé e lé orí ìyẹn. Fondaparinux, oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò ti ara ẹranko wá, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ń kọjá dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Dókítà ni yóò yàn.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ẹ má fún abẹ́rẹ́ tó kàn kí dókítà tó rí yín. Páàdì kan tó rin gbindin láàárín wákàtí kan, ìrora ẹ̀gbẹ́ ikùn kan, ìrora èjìká tàbí òòyì: ilé ìwòsàn tó ní skáàn àti ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, torí oyún náà lè má sí nínú ilé ọmọ. Ibuprofen àti diclofenac ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i, ẹ má lò wọ́n. Ẹ mú páálí oògùn dání, kẹ́ ẹ sì sọ wákàtí tí ẹ gba èyí tó kẹ́yìn: protamine, oògùn tí wọ́n fi ń pa agbára Clexane, kò lè pa á tán, dókítà akunnilóorun sì máa ń dúró fún wákàtí 12 lẹ́yìn 40 mg kó tó gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn.