Ìgbéyàwó Bòńkẹ́lẹ́ Létí Adágún Orí Òkè: Colorado, Tahoe, Banff tàbí Scotland?

Fọ́tò ni ọ̀pọ̀ àfẹ́sọ́nà fi ń yan adágún tí wọ́n ti fẹ́ ṣègbéyàwó bòńkẹ́lẹ́. Wọ́n á rí omi tó mọ́ gaara, òkè tó dé fìlà yìnyín lẹ́yìn rẹ̀, ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti sanwó fún ayàwòrán. Nígbà tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á kà á pé ìjọba ibẹ̀ ń béèrè ẹlẹ́rìí méjì, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì nìkan ló ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù.

A ò fi ẹwà ṣe ìfiwéra yìí, torí kò sí èyí tó burẹ́wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun mẹ́ta la fi wọ̀n wọ́n: iye ènìyàn tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, ẹni tó ni ilẹ̀ tí ẹ máa dúró lé, àti bí ìwé náà ṣe ń padà dé ọwọ́ ìjọba.

Ìwé mẹ́ta ló sì wà tí ẹ kò gbọdọ̀ pò pọ̀ mọ́ra wọn. Láísẹ́ǹsì ni ìjọba fi ń sọ pé ẹ lè fẹ́ ara yín. Kí ayẹyẹ tó wáyé lẹ ti ń gbà á. Páàmíìtì ni àṣẹ láti lo ilẹ̀ ọgbà. Kò kan òfin ìgbéyàwó rárá. Sàtífíkéètì ló ń jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá ti forúkọ ìgbéyàwó yín sílẹ̀, òun sì ni báńkì àti Ìmígíréṣọ̀n máa béèrè. Ẹlòmíì á san owó páàmíìtì tán, á rò pé òun ti parí.

Colorado: Sprague Lake

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ fẹ́ dúró síbẹ̀, kò sí ibi tó rọrùn tó Colorado. Òfin ibẹ̀ gbà kí tọkọtìyàwó so ara wọn pọ̀: kò sí pásítọ̀, kò sí adájọ́, kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa fọwọ́ sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó so yín pọ̀. Ẹ á lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀) pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù, ẹ á san 30 dọ́là, ẹ á gba láísẹ́ǹsì, ẹ sì lè lò ó lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ 35 ló fi wúlò. Ibikíbi ní Colorado lẹ lè ti lò ó, láìka káúńtì tó fún yín sí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti ré ààlà ìpínlẹ̀ náà kọjá, bébà lásán ni. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ẹ ní ọjọ́ 63 láti dá a padà sí káúńtì tó fún yín.

Ibi ìdápadà yẹn ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Níbi tí pásítọ̀ bá ti so ènìyàn pọ̀, òun ló máa ń rántí ìwé. Níbi tí kò bá sí pásítọ̀, ìwé á wà nínú báàgì tí wọ́n kó aṣọ ìyàwó sí, báàgì á wọ inú wọ́dúróòbù, ó parí. Ẹ ti kọ àdírẹ́sì káúńtì sí àpòòwé kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ìwé náà ní gbàrà tí ẹ bá fọwọ́ sí i.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìgbéyàwó tí kò ní ẹlẹ́rìí lè dà wọ́n láàmú níwájú Ìmígíréṣọ̀n Amẹ́ríkà. Òfin ibi tí ìgbéyàwó ti wáyé ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ó bófin mu, nítorí náà ti Colorado kì í ṣe ayédèrú. Àmọ́ wọ́n tún máa ń wá ẹ̀rí pé ẹ fẹ́ ara yín lóòótọ́. Tí ọ̀kan nínú yín bá máa fi ìgbéyàwó yìí wá ìwé ìgbélùú, ẹ jẹ́ kí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì wà níbẹ̀, kí ojú wọn sì hàn nínú fọ́tò.

Ní ti ilẹ̀: Sprague Lake wà nínú ọgbà Rocky Mountain National Park, lójú ọ̀nà Bear Lake, kò jìnnà sí ìlú Estes Park. Ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8,700 sókè òkun. Ọ̀nà tó yí adágún náà ká kò tó máìlì kan, ó tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà á. Ìyá àgbà kò ní pọ́nkè kankan. Páàmíìtì ìgbéyàwó nínú ọgbà náà jẹ́ 300 dọ́là, wọn kì í dá a padà bí ẹ bá yí ọkàn padà, ibi tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ nìkan lẹ sì lè yàn. Ọdún kan ṣáájú làwọn tó gbọ́n ti ń béèrè, pàápàá fún oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ewé igi aspen bá di wúrà. Oṣù yìí kan náà ni akọ ẹtu ńlá tí wọ́n ń pè ní elk máa ń ké, tí wọ́n máa ń jà sí abo. Ẹ jìnnà sí wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 75, ẹ jìnnà sí moose àti béárì tó 120.

Láti ọdún 2020 ni ọgbà náà ti ń fi àkókò ìwọlé dí mọ́tò lọ́wọ́ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ọ̀nà Bear Lake ló sì le jù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì páàmíìtì bóyá ìwé yín ti bo ọkọ̀ àwọn àlejò, tàbí kí kálukú gba àyè tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ètò fún yín dáhùn ìbéèrè yìí.

Tahoe: adágún kan, òfin méjì

Adágún Tahoe tóbi, ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,645, gíga rẹ̀ sókè òkun sì jẹ́ nǹkan bí 6,225, nítorí náà mímí rọrùn níbẹ̀ ju Sprague lọ. Kì í di yìnyín látòkèdélẹ̀ nígbà òtútù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ààlà California àti Nevada gba àárín omi náà kọjá: ìdá méjì nínú mẹ́ta wà ní California, ìyókù ní Nevada. Ìlú South Lake Tahoe àti Stateline lẹ̀ mọ́ ara wọn débi pé ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti òfin kan bọ́ sínú èkejì láìmọ̀. Láísẹ́ǹsì California kò wúlò ní etíkun Sand Harbor tó jẹ́ ti Nevada; ti Nevada kò wúlò ní Emerald Bay. Àwọn tó ń ṣe é nínú ọkọ̀ ojú omi ló yẹ kó ṣọ́ra jù: kí awakọ̀ sọ ìhà tí ẹ wà kẹ́ ẹ tó sọ pé “mo gbà”.

Nevada ń béèrè ẹlẹ́rìí kan, yàtọ̀ sí ẹni tó so yín pọ̀. Ayàwòrán lè ṣe é. Láísẹ́ǹsì wọn ń lo ọdún kan. Iye owó yàtọ̀ láti káúńtì sí káúńtì. Ẹni tó so yín pọ̀ gbọ́dọ̀ ti gba àṣẹ ní Nevada, ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwọn tó fẹ́ mú pásítọ̀ tiwọn wá láti Houston tàbí Maryland. Kó kọ̀wé ṣáájú, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà. California kò yọ pásítọ̀ lẹ́nu báyìí. Ẹni tí wọ́n ti fi joyè àlùfáà tó sì ti pé ọdún 18 lè so yín pọ̀ láìforúkọ sílẹ̀ níbikíbi. Ní ìpínlẹ̀ méjèèjì, ọjọ́ 10 péré ni ẹni tó so yín pọ̀ ní láti dá ìwé padà.

Láísẹ́ǹsì California pín sí oríṣi méjì. Èyí tó wọ́pọ̀ ń béèrè ẹlẹ́rìí kan ó kéré tán. Èkejì kò béèrè ẹlẹ́rìí, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, àfi tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ. Bòńkẹ́lẹ́ tó ní òfin lẹ́yìn nìyẹn! Ṣùgbọ́n àwọn tó ti jọ ń gbé bíi tọkọtìyàwó ni wọ́n ṣe é fún, ẹ sì máa fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹnì kan bá wà ní Lagos, tí èkejì wà ní Sacramento, ẹ má fọwọ́ sí irọ́.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lò ní Tahoe. Ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ máa ń gbéra, omi á máa ru, Sand Harbor á sì ti kún fún mọ́tò tipẹ́.

Banff: Lake Louise àti Moraine Lake

Àwọ̀ omi ibẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ìyẹ̀fun òkúta tí yìnyín ńlá orí òkè ń lọ̀ ló ń ṣàn wọ inú rẹ̀, òun ló sọ ọ́ di búlúù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ó lè jẹ́ yìnyín funfun lẹ máa bá. Láti ọdún 2023, mọ́tò aládàáni kò gbọdọ̀ wọ ojú ọ̀nà Moraine Lake mọ́. Bọ́ọ̀sì lẹ máa wọ̀, pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó lára yín. Lake Louise ni àwa á yàn.

Láísẹ́ǹsì Alberta (agbègbè Canada tí Banff wà) ń lo oṣù mẹ́ta, kò sí ọjọ́ ìdúró, ẹ kò sì ní láti jẹ́ ará ibẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì ló ń béèrè, ẹni tó so yín pọ̀ sì gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ní Alberta. Páàmíìtì Parks Canada, àjọ tó ń bójú tó ọgbà náà, wà lọ́tọ̀. Ẹni tó ní páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò fisa Canada; káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà ló lè yọ ọ́, fisa akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà kò yọ ọ́.

Scotland, fún àwọn tó wà ní Britain

Ọ̀pọ̀ ará wa ní London ń wo Windermere, adágún kan ní England, torí pé ó sún mọ́ wọn. Òfin England kò gba ìgbéyàwó ìjọba ní etí adágún lásán. Láti ọdún 2021, ẹ lè dúró síta nínú ọgbà ilé tí ìjọba ti fọwọ́ sí, bíi hòtẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ náà ló pin sí. (Nàìjíríà ò yàtọ̀ púpọ̀: ilé ìjọsìn tó ní àṣẹ tàbí réjísírì ni, àfi tí Mínísítà bá fún yín ní láísẹ́ǹsì pàtàkì.)

Scotland yàtọ̀. Ẹni tó ń so yín pọ̀ ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹ dúró sí. Nítorí náà etí omi láàárín àwọn òkè Glencoe bófin mu bíi inú ilé. Kálukú yín á kọ fọ́ọ̀mù M10 ránṣẹ́ sí réjísírà agbègbè náà. Ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kéré tán, ní ọjọ́ 29 ṣáájú ìgbéyàwó, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́ta ṣáájú lọ. Ẹlẹ́rìí méjì tó ti pé ọdún 16. Tí kì í bá ṣe réjísírà ló so yín pọ̀, ẹ̀yin lẹ máa gba ìwé tí wọ́n ń pè ní Marriage Schedule ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ dá a padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́ta o! Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ìsinmi Spain fún àárọ̀ ọjọ́ kejì. Pásítọ̀ tó wá láti Peckham nílò àṣẹ Scotland kó tó lè so yín pọ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Britain tí kò sì ní ìwé ìgbélùú ibẹ̀ kò lè fi fisa àlejò lásán ṣe é. Fisa tó wà fún ìgbéyàwó ni.

Òjò kì í ṣe ọ̀tá ibẹ̀, kòkòrò midges ni. Wọ́n kéré ju yànmùyánmú lọ, ọ̀wọ́ ni wọ́n máa ń wá, ẹ̀ẹ̀rùn tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ létí omi ni wọ́n fẹ́ràn. Ìparí oṣù Kẹrin tàbí oṣù Kẹwàá dára jù.

Kí ẹ tó sanwó fún ètò

Ètò tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń ní ayàwòrán, òdòdó, àti ẹni tó so yín pọ̀. Láísẹ́ǹsì kì í sí nínú rẹ̀, torí ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ yọjú. Ẹ béèrè bóyá owó páàmíìtì wà nínú iye tí wọ́n pè, orúkọ ta ló máa wà lórí rẹ̀, ta ni ẹlẹ́rìí kejì, àti ọjọ́ wo ni ẹ máa lò tí ojú ọjọ́ bá burú. Olùtajà tó bá sọ pé ẹ ò nílò páàmíìtì torí pé ẹ kò pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Tí aṣọ́gbà bá dé, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ìtanràn.

Ní kúkúrú, ẹ̀yin méjèèjì nìkan: Colorado. Pásítọ̀ yín ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn: Tahoe, ní ìhà California. Ẹ wà ní Britain, ẹ sì ní ọ̀rẹ́ méjì tó lè pa ẹnu mọ́: Scotland. Banff jẹ́ fún ẹni tó lówó, tó sì ní sùúrù bọ́ọ̀sì. Ẹ tún lè fọwọ́ sí ìwé ní réjísírì nílé, kí ẹ wá ṣe ayẹyẹ nìkan létí adágún. Òfin ìgbéyàwó á ti kúrò nílẹ̀, àmọ́ ọgbà á ṣì béèrè páàmíìtì. Ìdána kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí akọ̀wé káúńtì tó máa bi yín bóyá ẹ ti ṣe é, ilé ló máa bi yín.

Aṣọ òkè dára fún òkè torí pé ó wúwo, ó sì ń móoru. Lééṣì nìkan kò tó ní ẹsẹ̀ bàtà 8,700 ní aago méje àárọ̀. Gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kò sí dígí níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ má fọ́n ìrẹsì tàbí òdòdó sílẹ̀. Náírà tàbí dọ́là tí ẹ bá ná síwájú orí tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ ṣà á tán. Ní Colorado, oṣù Keje àti Kẹjọ, àrá sábà máa ń sán lọ́sàn-án; ẹ parí kí aago méjìlá tó lù. Ẹ mu omi púpọ̀ láti ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi ọtí sílẹ̀ títí ẹ ó fi sọ̀kalẹ̀, nítorí ó ń tètè gun orí níbẹ̀.

Orúkọ ló kù. Ohun tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù ni kẹ́ ẹ kọ, lẹ́tà fún lẹ́tà. Ẹni tó ń jẹ́ Oluwaseun nínú páásípọ́ọ̀tù kò gbọdọ̀ kọ Seun, ẹni tó ní orúkọ mẹ́ta kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì níwájú akọ̀wé, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀ tán, àtúnṣe á gba ìbúra, owó, àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ẹ bá sì ń béèrè sàtífíkéètì, ẹ gba ẹ̀dà mẹ́ta tó ní òǹtẹ̀ káúńtì. Èyí tó lẹ́wà tí olùtajà fún yín lọ́jọ́ ayẹyẹ, ara ògiri ló wà fún.