Fínfín Ilé ní Tanke: Aáyán Kú, Ẹ̀fọn Ọ̀sán Kò Lọ

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa ní Ìlọrin, mo pe ilé-iṣẹ́ kan tó ń fín oògùn apakòkòrò pé kí wọ́n wá tọ́jú ilé wa ní Tanke. Ìwé ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó iná ló fà mí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí àwọn bá fín ilé lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀fọn, aáyán àti eégbọn kò ní yọjú fún oṣù mẹ́ta, àti pé ibà, ibà pọ́njú, dengue àti Zika kò ní wọ ilé náà. ₦35,000 ni mo san fún yàrá mẹ́ta, pálọ̀, ilé ìdáná àti àyíká ilé. N kò ní dárúkọ wọn, torí ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni irú iṣẹ́ tí owó yẹn rà.

Wọ́n ṣe dáadáa níbi kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló wá, wọ́n dé lásìkò, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n bo imú, wọ́n sì ní ká kó oúnjẹ àti àwo jáde kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Wọ́n fín abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù àti gbogbo ara ògiri, a sì jókòó síta fún wákàtí mẹ́rin. Òkú aáyán tí mo gbá jáde lọ́jọ́ náà kún garawa kékeré kan. Ẹ̀fọn tó máa ń kùn sí wa létí lóru náà dín kù gidigidi, èyí kò sì yà mí lẹ́nu, torí ara ògiri ni irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń bà sí lẹ́yìn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ tán. Òun ló ń gbé ibà tí gbogbo wa mọ̀ kiri, ibà tí kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á.

Àwọn àrùn mẹ́ta yòókù tí wọ́n kọ sínú ìwé náà ni fáírọ́ọ̀sì ń fà, ẹ̀fọn mìíràn ló sì ń gbé wọn, èyí tó dúdú, tí ìlà funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó ń jẹni lọ́sàn-án, pàápàá ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Inú omi tó mọ́, tí a pọn pamọ́ sítòsí ilé, ló máa ń dàgbà sí. Ládùúgbò wa, níbi tí omi ẹ̀rọ kì í ti í yọ lójoojúmọ́, kò sí ilé tí kò ní irú omi bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ilé ìdáná tèmi, dúrọ́ọ̀mù méjì ló wà níbẹ̀, àti àmù ìyá ọkọ mi, àti búútà mẹ́ta tí a fi ń ṣe àlùwàlá, àti táyà ògbólógbòó kan tí baálé mi kò jẹ́ kí n dànù. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá fín ilé náà gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, wọn kò sì bojú wo inú ọ̀kankan.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ṣe àlùwàlá fún ìrun alásárì, nǹkan sì ta mí lọ́rùn ẹsẹ̀. Mo gbá a mọ́lẹ̀, mo wò ó: ìlà funfun náà rèé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú dúrọ́ọ̀mù. Tanwíjí pọ̀ níbẹ̀ bí ẹní da ìrẹsì sómi, wọ́n dorí kodò, wọ́n na ìrù sí ojú omi láti mí. Bí òjìji ọwọ́ mi ṣe bọ́ sórí omi náà ni gbogbo wọn lọ́ra wọn, tí wọ́n sá lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí mo pe ọ̀gá wọn, ó ní, “Ẹ má bínú, Alhaja, omi kò sí nínú ohun tí ẹ sanwó fún.” Mo bi í pé ibo wá ni Zika inú ìwé wọn ń gbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n san ₦8,000 sí i.

Ti eégbọn ló bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́, tí ọ̀kan nínú wọn ti bọ́ ìbọ̀wọ́, ó rí eégbọn létí àgbò Iléyá wa, ó fi ọwọ́ lásán fà á tu, ó sì fi èékánná rún un títí ẹ̀jẹ̀ fi ta sí i níka. Mo ní, “Ọmọ mi, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.” Fáírọ́ọ̀sì Crimean-Congo, tí eégbọn ń gbé kiri, tó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn lára ènìyàn, lè gba irú ọ̀nà yẹn wọlé, ó sì lè wà lára àgbò tàbí màlúù tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹni tó ń gba owó eégbọn yẹ kó mọ èyí ṣáájú mi.

Ní ti ibà pọ́njú, kò sí fínfín tó lè rọ́pò abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí àrùn náà tún bẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2017, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní Kwara wa níbí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, lára ọmọ ọdún méje. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni à ń gba abẹ́rẹ́ náà, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ti lè gbà á, ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sí Mẹ́kà mọ̀ pé yẹ́lò káàdì rẹ̀, ìwé ẹ̀rí pé ó ti gba abẹ́rẹ́ náà, kì í ṣiṣẹ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10.

N kò san ₦8,000 náà. Mo da omi nù, mo fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ bó ara dúrọ́ọ̀mù àti àmù nínú, torí ara ìkòkò lókè omi ni ẹ̀fọn yìí máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́, ẹyin náà sì lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ kó tó rí omi kó pa. Mo ra ìdérí méjì ní Ọjà Ọba, mo da búútà dé lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, táyà náà sì ti lọ; baálé mi kò tíì béèrè rẹ̀.

Máàkì 5 nínú 10 ni mo fún wọn, ti aáyán sì ni gbogbo rẹ̀. Bí aáyán bá padà, n ó tún pè wọ́n.