Ìbọn àbí tàkúté wáyà: èwo ló dáa fún igbó Èkìtì?

Èmi ò fi méjèèjì sípò kan náà o. Ẹni tó gbé ṣakabùlà, tó de tọ́ọ̀ṣì mọ́rí lóru, á kọ́kọ́ rí ojú ẹran tó ń tàn yanran, tó bá fara balẹ̀ á mọ̀ bóyá ẹtu ni àbí ajá ọdẹ ẹlòmíì, tó bá sì rí ọmọ lẹ́yìn ẹ̀ ó lè fi í sílẹ̀ (ẹtu kì í kúkú bí ju ọ̀kan lọ lẹ́ẹ̀kan). Wáyà ńkọ́? Kò wọ́n, ó ń mú ọ̀yà tó ń jẹ iṣu wa, àmọ́ kò lójú. Mo bá ẹtu kan nínú tèmi rí, ọjọ́ kẹta tí mi ò lọ wò ó, ẹsẹ̀ ti wú, eṣinṣin ti bò ó, kò ṣe é tà, kò ṣe é jẹ. Ìnàkí ṣì wà nígbó ìjọba Ìsẹ̀, wáyà ò sì ní bèèrè ẹni tó ń bọ̀. Àmọ̀tẹ́kùn tó yẹ kó máa pa ẹran jẹ níbẹ̀, èyí tó wọ yúnífọ́ọ̀mù nìkan là ń rí báyìí 😂. Ìbọn lèmi mú, kí wáyà mọ sí etí oko, kẹ́ ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀ jọ̀ọ́.